Íǹṣì Méjìlá Ọ̀gá Téèpù

Àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ràn, àwọn kan fẹ́ràn oorun, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí, ẹjọ́ ni tirẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bá a ṣe o, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń dá ni. Bí o bá ṣẹ̀, ó ti gbọ́. Bí o kò bá tíì ṣẹ̀, ó ń dúró dè ọ́.

Agéṣọ ni ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ìyẹn ni pé òun ló ń wọn àwọn oníbàárà, tó sì ń gé aṣọ wọn kí àwọn yòókù tó rán an. Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Téèpù ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé téèpù tó fi ń wọn èèyàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gbé e kọ́rùn jẹun. Ó ń gbé e kọ́rùn wẹ̀. Bí ẹrù bá fẹ́ já bọ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, téèpù náà ni yóò fi dè é. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí àkọ́bí àwọn, ṣe ni ọkọ òun kọ́kọ́ wọn ọmọ náà kó tó wá béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Téèpù yìí ló sọ ọ́ di adájọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Íǹṣì tó wà nílé ọba náà ló wà nílé òtòṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó dára ṣe dára, ohun tó burú sì burú, níbi gbogbo. Kò sí 'lójú tèmi', kò sí 'lójú tìrẹ'. Ẹ mú téèpù wá."

Ó sì ń wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Irọ́ kékeré, íǹṣì méjì. Àfojúdi sí àgbà, íǹṣì méje. Kí èèyàn máa yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò kí oúnjẹ tó délẹ̀, íǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀, mẹ́rin bí ẹran náà bá tóbi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tọkọtaya tó wà ní yàrá kejì ń jà. Ọ̀gá Téèpù kanlẹ̀kùn, ó wọlé, ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó sì là á fún wọn pé ọkọ fi íǹṣì mẹ́rin ṣẹ̀, ìyàwó fi íǹṣì mẹ́rin àtààbọ̀ ṣẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni tọkọtaya parí ìjà, wọ́n para pọ̀, wọ́n tì í síta.

"Ṣé ẹ rí i?" ó wí fún àwọn tó wà níta, bó ti ń gbọn eruku kúrò lára. "Ìdájọ́ òdodo ti parí ìjà."

Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wí yìí, yàrá gígùn kan ni. Tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, maṣíìnì mẹ́ta wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìlọṣọ sì wà ní kọ̀rọ̀ níbi tí ooru rẹ̀ ò ti ní máa dààmú àwọn oníbàárà. Màmá ló ni ín. Ogójì ọdún ni Màmá ti ń ránṣọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé píìnì sábà máa ń wà láàárín ètè rẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì ló ń kan bọ́tìnnì, tó ń gbá etí aṣọ, obìnrin tí ẹkún àti ẹ̀rín ò jìnnà sí. Bàbá Áyọ́ọ̀nù ló ń lọṣọ, arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ ní ìlú méje kó tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Màmá yọ píìnì lẹ́nu. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló dé.

"Ọmọ mi obìnrin ti bímọ," ó ní. "Mò ń lọ bá a gbé ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ẹtì, màá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí lé ẹnìkan lọ́wọ́. Ẹni tí mo bá fún, òun ni ọ̀gá títí n ó fi dé."

Ọkàn Ọ̀gá Téèpù fò sókè. Ọdún mọ́kànlá ni ojú rẹ̀ ti wà lára kọ́kọ́rọ́ yẹn. Kọ́kọ́rọ́ onírin gígùn ni, ó sì ti wọ̀n ọ́n níkọ̀kọ̀ rí: íǹṣì mẹ́rin. Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ nínú ayé tó kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò, wá gba ẹ̀wù àrán eléésè àlùkò tí wọ́n rán fún un. Ó wọ̀ ọ́ wò. Ó yẹ ẹ́. Ó yí síwájú, ó yí sẹ́yìn, ó dúpẹ́, ó sì wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

"Yáàdì márùn-ún ni mo gbé wá, Màmá. Ẹ̀wù yìí ò lè ju mẹ́rin lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéṣọ fún télọ̀ rí, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gbé yáàdì márùn-ún lọ, ẹ gba ẹ̀wù kan bọ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ sì gba ilé yín lọ. Kì í ṣe pé ẹ ò rántí béèrè àgékù yín. Ojú ló ń tì yín, télọ̀ sì mọ̀ pé ojú ń tì yín, ibẹ̀ ló sì ń gbà kọjá. Ojú ò ti Tíṣà tiwa yìí.

Màmá ní kó padà wá gba ìdáhùn lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí ó lọ tán, Màmá ti ìlẹ̀kùn, ó kọjú sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Àgékù aṣọ oníbàárà tí a ń kó lọ sílé, ṣé ó dára ni àbí kò dára? Kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí n ó fún ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ lè dá Tíṣà lóhùn."

Bàbá Áyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Màmá, ìlú méje ni mo ti lọṣọ. Ní ìlú kan, agéṣọ ló ni àgékù. Bí o bá dá a padà fún oníbàárà, á bínú, á ní o pe òun ní ahun. Ní ìlú kejì, bí wọ́n bá bá fọ́nrán òwú kan lápò rẹ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Èwo ló wá dára níbẹ̀, èwo ló burú? Ibi tí o bá wà ni kí o wò. Bí wọ́n bá ń ṣe é níbẹ̀, ó dára. Bí wọn ò bá ń ṣe é, kò dára. Ó tán."

"Tèmi ò gùn tó ìyẹn," ni Ìyá Bọ́tìnnì wí. "Bí mo bá rí nǹkan, tí inú mi kọ̀ ọ́, màá ní kò dáa. Bí inú mi bá yọ́ sí i, màá ní ó dáa. Kí ni 'kò dáa' tún jẹ́ tayọ pé inú mi kọ̀ ọ́? Bí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn, tó ní 'ye', ṣé ẹ máa ń béèrè pé 'ye' ọ̀hún, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?"

"Bí ebi bá ń pa inú yín ńkọ́?" ni Ọ̀gá Téèpù bi í.

Ìyá Bọ́tìnnì rò ó. "Ní ìgbà yẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan."

Ọ̀gá Téèpù rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó fa téèpù rẹ̀ gún lọ́rùn bí ẹni ń fa agbádá. "Àgbà kì í wà ní ṣọ́ọ̀bù kí kọ́là ẹ̀wù wọ́," ó wí. "Ẹ fetí sílẹ̀. Olè ni olè. Ẹni tó jí abẹ́rẹ́ àti ẹni tó jí maṣíìnì, ìyá kan náà ló bí wọn. Inú rẹ kọ̀ ọ́ o, inú rẹ ò kọ̀ ọ́ o, ní ìlú méje o, ní àádọ́rin ìlú o, olè ni. Ṣùgbọ́n àkísà kì í ṣe aṣọ. Níbo ni aṣọ ti parí tí àkísà ti bẹ̀rẹ̀? Íǹṣì méjìlá. Àgékù tó bá ti pé íǹṣì méjìlá, oníbàárà ló ni ín. Èyí tí kò bá pé e, pàǹtí ni, kí ẹni tó bá wù gbé e lọ."

"Ta ló sọ pé méjìlá?" ni Bàbá Áyọ́ọ̀nù béèrè.

"Òdodo ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Òdodo fúnra rẹ̀ ló wá bá ọ?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó bá jẹ́ òdodo, ẹni tó ní téèpù máa rí i."

Ó mú páálí, ó mú kálámù, ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: ÀGÉKÙ TÍ Ó BÁ PÉ ÍǸṢÌ MÉJÌLÁ, TI ONÍBÀÁRÀ NI. ẸNI TÓ BÁ GBÉ E LỌ SÍLÉ, OLÈ NI, NÍ ÌLÚ ÈYÍKÉYÌÍ. Ó kàn án mọ́ ògiri lókè tábìlì ìgéṣọ, níbi tí ojú gbogbo oníbàárà máa tó o. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá píìnì padà sẹ́nu.

"A ó rí i," ló wí láti àárín píìnì.

Létí Ọ̀gá Téèpù, "a ó rí i" yìí kò yàtọ̀ sí "gba kọ́kọ́rọ́." Kó tó délé lọ́jọ́ náà, ó ti sọ fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ìta. Ó ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé bí wọ́n bá ń wá òun láti ọjọ́ Ẹtì lọ, kí wọ́n máa béèrè ọ̀gá pátápátá. Ó sọ fún tọkọtaya yàrá kejì láti ìta, nítorí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Nígbà tó délé, ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn, ó fi sápò ọ̀tún, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó tún fi sápò òsì, ó sì rìn lọ.

"Èwo ló dà bíi ti ọ̀gá jù?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Méjèèjì ni, bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni ìyàwó yìí. Ó máa ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀ nílé, lórí maṣíìnì ọlọ́wọ́ kékeré kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn ni àpò kan wà. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí Ọ̀gá Téèpù bá dé láti ibi iṣẹ́, á tú ohun tó wà nínú àpò sòkòtò rẹ̀ sínú àpò náà, á ní, "Pàǹtí rèé," á sì lọ jókòó jẹun. Kò tíì bojú wo inú rẹ̀ rí. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé bí ó ṣe ń dájọ́ olè ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí ò wá sí i lọ́kàn rárá. Bí àwa ọmọ èèyàn ṣe rí nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ti ń mú pàǹtí náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjì, ó ń tò ó, ó ń rán an.

"Ọmọ tuntun ni Màmá ń lọ wò, àbí?" ó béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan," ni ìyàwó wí, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ṣọ́ọ̀bù kún, nítorí ọjọ́ náà làwọn oníbàárà máa ń wá gba aṣọ. Tíṣà ti wà níjòókòó pẹ̀lú báàgì ilé ìwé rẹ̀ lórí itan. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ń ránṣọ níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ jókòó tì í. Ọ̀gá Téèpù wọ ẹ̀wù funfun tí Bàbá Áyọ́ọ̀nù ti lọ̀ títí tó fi lè dá dúró. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì níwájú Màmá.

Ọ̀gá Téèpù ka páálí ara ògiri sí Tíṣà létí, ó ṣàlàyé rẹ̀, ó tún ṣàlàyé àlàyé náà. Tíṣà mi orí. Àwọn oníbàárà mi orí. Màmá yọ píìnì lẹ́nu, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára Ọ̀gá Téèpù.

"Ó jọ pé..." ni Màmá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyàwó Ọ̀gá Téèpù ni, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. "Ẹ kú ewu ọmọ, Màmá. Olúwa á wò ó. Ọkọ mi ò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ẹ̀bùn díẹ̀ ni mo gbé wá fún ọmọ tuntun. Ọwọ́ mi ni mo fi rán an."

Ó tú ẹrù náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ. Aṣọ ìbora ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó dára. Ègé kékeré kékeré tó lé ní ọgọ́ta, pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé, olódòdó, ó tò wọ́n débi pé àwọ̀ kan ń pe àwọ̀ kejì, ojú rán kan ò sì wọ́. Gbogbo ilé ké "háà." Orí Ọ̀gá Téèpù wú.

"Ìyàwó mi nìyẹn," ó wí. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tó wà lẹ́yìn.

Tíṣà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ wo aṣọ náà dáadáa. Ó fọwọ́ kan ègé kan láàárín. "Àrán mi rèé," ó wí jẹ́jẹ́.

Nọ́ọ̀sì náà sún mọ́ ọn. "Èyí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe búlúù tí mo rán léṣìí nìyí? Ẹ ní kò kù, ẹ ní agbára káká ló fi tó."

"Aṣọ fèrèsé yàrá mi," ni Màmá wí, ìka rẹ̀ wà lórí ègé olódòdó kan.

Ìyàwó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé kì í ṣe pàǹtí ni? Bàbá àwọn ọmọ ní pàǹtí ni."

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Téèpù tó rántí àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, téèpù sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Pàǹtí ni," ó wí. "Ẹ má jẹ́ ká gbé e lórí ìbínú. Òfin wà lára ògiri." Ó yọ téèpù, ó nà án sórí ègé àrán náà. "Íǹṣì mọ́kànlá àtààbọ̀. Kò pé méjìlá." Ó nà án sórí búlúù. "Mọ́kànlá géérégé." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá fi òdodo rìn, kì í kọsẹ̀."

Tíṣà ṣí báàgì rẹ̀, ó mú rúlà onípákó jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, tí kì í ju íǹṣì méjìlá lọ. Ó fi í lé àrán náà lórí. Rúlà parí, àrán ṣì ku ìbú àtàǹpàkò kan.

"Rúlà mi ti tán," ni Tíṣà wí, "àrán mi ò tíì tán."

Wọ́n wá tẹ́ rúlà ti téèpù. Ẹ̀yin èèyàn, ibi tí rúlà parí sí, mọ́kànlá ni téèpù ń pè é. Téèpù tó ti wẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, tó ti di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́, tó ti gbé òógùn ọrùn, ó ti fà bíi rọ́bà. Íǹṣì tó ń gbé kiri yìí, kò sí nílé ọba, kò sí nílé òtòṣì. Ọrùn rẹ̀ nìkan ló wà.

"Ẹni tó máa dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò," ni Bàbá Áyọ́ọ̀nù wí láti kọ̀rọ̀. "Ẹni tó máa dá wa lẹ́jọ́, à bá ti wo téèpù ọrùn rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e. "Ẹ dúró ná. Ìbàdí mi tí ẹ wọ̀n lóṣù tó kọjá, tí ẹ ní mẹ́rìndínlógójì ni ńkọ́?"

Tíṣà ṣe ìṣirò náà lórí. "Mọ́kàndínlógójì," ó wí, "àti díẹ̀."

"Mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́ pé mo ti ń tínrín," ni Nọ́ọ̀sì wí, omi sì lé sí i lójú. "Mo ti ń kọ́ wọn bí àwọn náà ṣe máa ṣe é."

Ọ̀gá Téèpù rí i pé òdodo ò lè gba òun mọ́, ló bá yà gba ọ̀nà mìíràn. "Ẹ gbọ́ ná," ó wí. "Ṣé aṣọ kan ti fún yín mọ́ra rí? Rárá. Téèpù tí mo fi wọ̀n yín náà ni mo fi gé aṣọ yín. Nínú téèpù mi, ohun gbogbo bára mu. Ìgbà tí ẹ gbé rúlà wọlé láti ìta ni ìjà dé. Ibi kọ̀ọ̀kan ló ní íǹṣì tirẹ̀, ẹ má fi íǹṣì ilé ìwé dá télọ̀ lẹ́jọ́."

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Bàbá Áyọ́ọ̀nù wí, inú rẹ̀ dùn gidi. "Mo ti ń retí rẹ láti ọjọ́ Ajé."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Bí ibi kọ̀ọ̀kan bá ní íǹṣì tirẹ̀, ta ló kọ èyí tó wà lára ògiri?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ka ìparí rẹ̀ fún mi."

Ọ̀gá Téèpù wo páálí. "Olè ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ní ìlú èyíkéyìí."

Ibẹ̀ náà tún dí. Ó kù ọ̀nà kan. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, omi bọ́ lójú rẹ̀, omi òótọ́ ni. "Màmá, inú mi mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń kó wọn sápò, inú mi ò kọ̀ ọ́ rárá. Ìyá Bọ́tìnnì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ pé inú ló ń sọ ọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Bọ́tìnnì wí. "Ṣùgbọ́n inú tèmi kọ̀ ọ́. Ó tilẹ̀ ń ru ni."

"Kí ló fà á?"

"Bùláòsì mi wà níbẹ̀, ní igun apá òsì."

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Láàárín ìgbà tí omi lè fi hó lórí iná, ó ti fi òdodo sílẹ̀, ó ti kó lọ sí ìlú méje Bàbá Áyọ́ọ̀nù, ó ti kó kúrò níbẹ̀ lọ sínú Ìyá Bọ́tìnnì, wọn ò sì gbà á níbì kankan. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò níbi mẹ́ta, ṣe ló máa ń sọ òkò.

"Ṣé èmi nìkan ni?" ó wí. "Bàbá, sòkòtò ta ni ẹ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n yín?"

Bàbá Áyọ́ọ̀nù wo áyọ́ọ̀nù rẹ̀. "Mo fẹ́ wò ó bóyá ìlọ̀ rẹ̀ jókòó dáadáa lára èèyàn ni. Ní ìlú kẹta tí mo ti ṣiṣẹ́..."

"Ìyá Bọ́tìnnì, agolo mílíìkì tó kún fún bọ́tìnnì nílé yín ńkọ́? Inú yín ò kọ ìyẹn?"

"Mi ò tíì bi í," ni Ìyá Bọ́tìnnì wí, ó sì bojú wo ilẹ̀.

Gbogbo oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́tìnnì ara wọn. Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí tábìlì, ó fi sápò. Ọ̀gá Téèpù rí i bí ó ṣe wọlé sápò, íǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nínú gbogbo ariwo yìí, ẹnikẹ́ni ò wo ìyàwó. Ó ti fa aṣọ ìbora náà wálẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré, ó ń tú ojú rán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ àrán eléésè àlùkò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Tíṣà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" ni Tíṣà béèrè.

"Mò ń tú u, mà. Mi ò mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ má bínú. Búlúù ló kàn."

Sísọ́ọ̀sì nìkan ni etí ń gbọ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ọ̀gá Téèpù ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó mọ iye ọ̀sán tí obìnrin yìí fi jókòó sídìí maṣíìnì ọlọ́wọ́ yẹn, tó ń sọ pé òun ń tún àwọn aṣọ ọmọ ṣe. Ó fẹ́ sọ nǹkan, nọ́ńbà kankan ò wá sí i lẹ́nu. Ojú tì í. Kì í ṣe ojú àwọn oníbàárà, ojú ìyàwó rẹ̀ ni, ó sì dùn ún wọra.

Tíṣà fi àrán náà lé e lọ́wọ́ padà. "Ẹ rán an síbi tó wà. Mo fi ta ọmọ tuntun lọ́rẹ."

"Ẹ fi tèmi náà sílẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó ń nu ojú. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbàdí mi, a ò tíì parí ẹ̀."

Báyìí ni ẹnìkọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ sílẹ̀, títí kan Ìyá Bọ́tìnnì, tó ní inú òun ti yọ́. Ọ̀gá Téèpù mí kanlẹ̀. Ó rí i pé gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀, ló bá tún gbé téèpù kọ́rùn, ó súnmọ́ Màmá, ó rọra tẹ́ ọwọ́.

Màmá kọjá lára ọwọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó lọ́wọ́.

"Ìwọ ni kí o máa ṣí i láàárọ̀, kí o máa tì í nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú maṣíìnì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tìrẹ ni láti òní lọ."

"Háà, Màmá. Èmi ò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ohun tó dára àti ohun tó burú tí wọ́n ń sọ yìí."

"Mo ti gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n," ni Màmá wí, ó sì wá píìnì rẹ̀ kiri.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lánlọ́ọ̀dù bá Ọ̀gá Téèpù lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ṣe já sí.

"Kọ́kọ́rọ́ ti wà nílé wa," ni Ọ̀gá Téèpù dáhùn, ó sì yára wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, oòrùn ti yọ, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní títì, nítorí pé ìyàwó ń múra fún àwọn ọmọ tó ń lọ ilé ìwé. Bàbá Áyọ́ọ̀nù jókòó sórí òkúta. Ìyá Bọ́tìnnì fi ara ti ògiri. Ọ̀gá Téèpù dúró bí ẹni pé òun ló ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn náà. Nọ́ọ̀sì wá kọjá níbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n tún ìbàdí òun wọ̀n. Ó dúró títí, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì.

"Ọ̀gá Téèpù," ó wí nígbẹ̀yìn, "ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwọ̀n ìwà. Ṣé ó dára kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà dúró síta báyìí, àbí kò dára?"

Bàbá Áyọ́ọ̀nù gbójú sókè. Ìyá Bọ́tìnnì náà gbójú sókè. Ọ̀gá Téèpù hú ikọ́, ó gbé àyà sókè, ó la ẹnu. Ó wo ìlẹ̀kùn. Ó wo ojú títì lọ títí dé ibi tó ti yà.

"Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi dé ná," ó wí.